Káfíńtà Tó Fi Rúlà Ka Bíbélì

Ẹnu ló kó bá káfíńtà yìí. Ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi gbogbo. Tó bá kan àpótí ìjókòó kan péré, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ààfin tán ni.

Ó wá lọ rí ọmọbìnrin aránṣọ kan, ìfẹ́ dé! Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ló ń kọ́ wọn ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá náà sì ti là á mọ́lẹ̀: "Ẹni tí kì í ka Bíbélì kó lè sún mọ́ Ọlọ́run, kó má sún mọ́ ọmọ mi."

Ó tán! Káfíńtà sáré ra Bíbélì alálẹ́tà gàdàgbà. Ó ti kíyè sí i pé Bíbélì àwọn tó ń kà á dáadáa máa ń ní ìlà pupa lábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á sì kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀n-ẹ́n! Ìlà kẹ̀? Ṣebí iṣẹ́ òun gan-an nìyẹn! Ó mú rúlà, ó mú pẹ́ńsù pupa tó fi ń sàmì sí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lórí tábìlì iṣẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó ń bọ́ sínú Sáàmù. Ibi tí rúlà bá ṣáà ti balẹ̀ sí ni. Á wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Àmín!" tàbí "Mo gbà á!" tàbí "Olúwa, ṣe é fún mi kíákíá!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé bá a níbẹ̀. "Ìwọ yìí, ṣé kò yẹ kóo kọ́kọ́ kà á ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo máa ń ka pákó kí n tó fàlà sí i ni?"

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lu àyà kì, kì, kì. "Àgbà Bíbélì kì í wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹsẹ Bíbélì wọ́! Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù gan-an mọ ohùn mi!"

Inú Màmá dùn. "Ọmọ mi, máa bọ̀ nílé wa lọ́la. Tó bá rí bóo ṣe sọ ọ́ yìí, a máa mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Ìtìjú tó máa báni kalẹ́, àárọ̀ kùtù ló ti ń jí. Káfíńtà fi òróró pa irun, ó gbé Bíbélì há abíyá, ó dé pálọ̀ Màmá. Ọmọbìnrin náà ń rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Gbé tìẹ wá kí n wò ó," Màmá ní. "Lẹ́tà tèmi ti kéré jù fún ojú mi."

Ó ṣí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ pàá, ó fi ìka tẹ ìlà pupa kan. "Ọmọ mi, orúkọ àwọn tó tẹ ìwé yìí lo fàlà sí. O tún ṣe àmín."

"Ẹ̀mí ìmoore ni, mà! Wọ́n gbìyànjú."

Màmá ṣí ibòmíì. "Ìyàwó Jóòbù ní kí ọkọ òun bú Ọlọ́run kó sì kú. Ìwọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Mo gbà á!'"

Òógùn bo káfíńtà. "Mà, mo... mo gbà pé ó sọ ọ́."

Màmá tún ṣí ibòmíì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó tún wọ̀ ọ́. "Sólómọ́nì fẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ìyàwó, ó tún kó ọ̀ọ́dúnrún àlè lé e. Kí lo kọ síbí? 'Olúwa, ṣe é fún mi kíákíá!'"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. "Ẹgbẹ̀rún obìnrin? Bọ̀dá, ìkelòó wá ni èmi?"

"Olólùfẹ́, fọkàn balẹ̀! Ìwọ ni ìyálé!"

Yéè! Ẹnu yìí náà ni o! Ọmọbìnrin náà dìde, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàmù.

Káfíńtà dorí kodò. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín. Ẹ fún mi láàyè kan sí i."

Àánú ṣe Màmá díẹ̀. Ó pa Bíbélì dé, ó gbé e fún un. "Máa lọ sílé. Wá ibi tí Ọlọ́run ti fún Ádámù ní ìyàwó ẹyọ kan ṣoṣo. Kà á, má fàlà sí i. Tó bá yé ọ, padà wá."

"Ẹ ṣé, mà! Ẹ ṣé gan-an!" Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó họ orí, ó yíjú padà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ á ti jìnnà wọnú ìwé gan-an o. Ṣé mo lè kà á dé ibẹ̀ kí ọdún yìí tó parí?"

"Ojú ewé kejì ni," ohùn ọmọbìnrin náà ló dáhùn látinú yàrá.