Mẹkáníìkì Tó Tún Ọkàn Ara Rẹ̀ Ṣe

Ọ̀gá mẹkáníìkì wọ ilé ìtajà oògùn, ọwọ́ kan lórí àyà, epo dúdú lábẹ́ èékánná. Láti àárọ̀ ni àyà rẹ̀ ti ń lù kì kì kì. Ẹ̀rù ń bà á gidi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí apòògùn, obìnrin tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ, mọ̀.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní pẹ́. Mo kàn ń kọjá lọ ni."

"Ẹ̀ ń kọjá lọ, ẹ sì di àyà mú?"

Ó jókòó. Apòògùn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago.

"Ọkàn yín ń sáré jù. Oògùn tó ń mú un rọra lù ńkọ́?"

"Mo ti fi í sílẹ̀ láti ìjẹta."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀?"

"Èmi náà ni. Ara mi ti yá. Ọmọ mi, bí mo bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán, ṣé mo máa ń fi sípánà sílẹ̀ sínú rẹ̀ ni?"

"Èyí kì í ṣe sípánà, Ọ̀gá. Bí ẹ̀rù bá bà yín, tàbí tí inú bá bí yín, ara á ránṣẹ́ sí ọkàn pé kó sáré. Oògùn yìí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń dá ìránṣẹ́ padà. Ìyẹn ni ọkàn ṣe ń rọra lù, tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í ru."

"Mo ti lé aṣọ́nà lọ nìyẹn."

"Lójijì. Ọkàn tó ti pẹ́ lábẹ́ aṣọ́nà sì ti ṣí ilẹ̀kùn kún ilẹ̀kùn. Gbogbo ìránṣẹ́ á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè gba ẹ̀mí èèyàn. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀."

Òógùn bo ọ̀gá lójú. "Mo yọ búrékì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí oníbàárà bá ṣe bẹ́ẹ̀, wèrè ni màá pè é. Ṣé kí n gbé méjì mì báyìí, kó dí ti àná?"

"Rárá o. Ọkàn lè wá rọra lù jù, kí òòyì gbé yín ṣubú. Ọsibítù lẹ̀ ń lọ báyìí, mo fẹ́ pe ọkọ̀ fún yín. Àwọn ni wọ́n á sọ bẹ́ ẹ ṣe máa padà sí i. Èyí tó ṣẹ́ kù dà?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. "Mo fún ọ̀rẹ́ mi tó ń jó irin. Àyà òun náà máa ń já."

"Èyí tó ní ásímà?"

"Òun ni."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ apòògùn. "Ó lè sé e léèémí. Ẹ pè é kíákíá."

"A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ọ̀gá, ẹ pè é."

"Kò lò ó. Ó dá a padà." Ó fa páálí oògùn yọ lápò. "Ohun tó fa ìjà gan-an nìyẹn."

"Ó mọ̀ pé kò dáa fún ásímà?"

"Kò mọ nǹkan kan. Ó ní ìgbà tí mo tú ẹ́ńjìnnì òun, tí mo tò ó padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́ kù, mo ní wọn ò wúlò. Ó ní òun ò lè gbé ọkàn òun lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀."

Apòògùn yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Máa rín in, ọmọ mi, ó tọ́ sí mi."

Apòògùn gbé fóònù sétí láti pe ọkọ̀. Ọ̀gá fà á láṣọ.

"Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ bi awakọ̀ náà ta ló ń bá a tún mọ́tò rẹ̀ ṣe. Tó bá dárúkọ mi, pe ẹlòmíràn."