Fíìmù Ẹ̀rù Tó Mú Mi Jẹ́wọ́ ní Bódìjà

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò tán lọ́kàn mi, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀sán Sátidé ni, ní Bódìjà, ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó gbọ́n ju gbogbo èèyàn lọ.

Akọ̀wé kékeré ni mí ní iléeṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n to fáìlì sínú kọ́bọ́ọ̀dù lónìí, kí n tú u jáde lọ́la. Ṣùgbọ́n Yéwándé, nọ́ọ̀sì tí mo ń fẹ́ sọ́nà, máníjà ni mo sọ fún un pé mo jẹ́. Irọ́ ọ̀hún dàgbà lọ́wọ́ mi. Mo fi mẹ́síńjà mẹ́ta àti mọ́tò iléeṣẹ́ kún un, mọ́tò náà sì ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́rin.

Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé ní yunifásítì, ló pè wá síbi àjọ̀dún fíìmù abẹ́lẹ̀ tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Fíìmù ẹ̀rù ni gbogbo rẹ̀, kámẹ́rà àyálò ni wọ́n fi yà á, kò sì sí ilé sinimá tó fẹ́ fojú rí i. Abẹ́ ilẹ̀ náà ni lóòótọ́: yàrá kan lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí onílé ń kó sìmẹ́ńtì sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé. Àwa bí ogún jókòó sórí bẹ́ńṣì, à ń làágùn, à ń fa eruku sìmẹ́ńtì símú. Ọ̀làjú dé.

Mo sọ fún Yéwándé pé tí ẹ̀rù bá bà á, kó di ọwọ́ mi mú.

Nínú fíìmù àkọ́kọ́, ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo béèrè sókè bóyá búrẹ́dì yẹn ló yẹ kó dẹ́rù bà wá. Ẹnì kan ní kí n dákẹ́. Ìkejì ló mú mi. Obìnrin aláṣọ funfun kan dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, ó ń wò wá. Kò sọ̀rọ̀, kò ṣẹ́jú, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wá ọwọ́ Yéwándé kàn, mo dì í mú. Ọwọ́ náà ní irun. Ti ọkùnrin tó jókòó lápá òsì mi ni. Ọmọlúàbí ni, ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ibẹ̀ ni iná lọ. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin aláṣọ funfun sì dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà, àbẹ́là lọ́wọ́.

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, èmi kì í ṣe máníjà. Akọ̀wé ni mí. Kò sí mọ́tò, kò sí mẹ́síńjà. Ẹ má mú mi lọ."

Màmá onílé ni. Ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà ni wọ́n ti ń bọ̀, sùtánà ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ní kí àwọn mú àbẹ́là wá fún àwọn ọmọ. Wọ́n wò mí títí, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n sì gbàdúrà gígùn pé kí Olúwa fún mi ní mọ́tò. Gbogbo yàrá ṣe àmín. Ti Yéwándé ló ròkè jù.

Mo fẹ́ dìde pẹ̀lú iyì, mo kọsẹ̀, mo fa aṣọ funfun tí wọ́n ń tan fíìmù sí lulẹ̀, ó bò mí látorí dé ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an làwọn tó jókòó sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Níta, Yéwándé kò bínú rárá, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo kàn ń retí ọjọ́ tí ẹ máa sọ ọ́ fún mi fúnra yín ni."

Mo ní ṣebí mo ti sọ ọ́ báyìí.

Ó ní, "Èmi kọ́ lẹ sọ ọ́ fún." Ó wọ takisí tó ń lọ sí Challenge, kò bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ bá a nílé, mo sọ ohun gbogbo fún òun gan-an, lọ́sàn-án gangan. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní òun dúpẹ́, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tètè sọ òótọ́ fún ẹni tó ni ín, kó má dúró de ìgbà tí ẹ̀rù máa bá a sọ ọ́. Ní ti Káyọ̀dé, ó wá bá mi ní Mọ́ńdè, ó ní gbogbo èèyàn ló ń yin fíìmù kejì, ṣé mo lè wá kúnlẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i? Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rín in, kó má dà bíi pé èmi nìkan ni.