Ihò Mẹ́jọ fún Wáyà Mẹ́fà

"Bàbá Jọláadé, ẹ kó wáyà yẹn kúrò nílẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí àlejò ṣubú nílé mi."

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó yíjú sí ògiri, ó sùn, kò sì jí mọ́. Obìnrin mìíràn ìbá súre. Òmíràn ìbá sọ ibi tó kó wúrà sí. Wáyà ni tirẹ̀ dá lé.

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn ẹkún kọ́ ni mo gbé wá. Òwe kan wà tí gbogbo yín ń pa, tí ẹ kò sì mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ ti bi ara yín rí pé ta ló kà á? Èmi mọ ẹni tó kà á. Ìkìrun ló ń gbé, ọjọ́ márùn-ún ló sì fi kà á tán.

Oyèníran lorúkọ rẹ̀. Kó tó fẹ̀yìn tì, òpó tẹlifóònù ló ń gùn kiri, kò sì sí wáyà tí kò lè fà. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé ilé bàbá wọn, kò pe oníṣẹ́ kankan. Ògiri alámọ̀ àtijọ́ ni ilé náà, ó nípọn, íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò bá ní wáyà kò lè gbà á kọjá. Ó fa wáyà láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ sí yàrá mẹ́fà, ó sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà mẹ́fà lọ́ mọ́ra bí ejò tó ń jà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ kọ́ ọ, tòun ti abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, oṣù mọ́kànlá ni Oyèníran fi ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí wáyà wọ̀nyẹn. Kò fọwọ́ kàn án.

Ni Jọláadé, ọmọ rẹ̀, bá pè láti Kánádà lọ́jọ́ Ajé kan.

"Bàbá mi, Sátidé ni àdúrà ọdún kan Màmá. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú oyún yìí. Orí fóònù ni mo ti máa bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Kérésì? Ẹnì kan tẹ wáyà mọ́lẹ̀, ìdajì ojú Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ni mo fi wákàtí kan wò."

"Ti Sátidé kò ní já."

"Ẹ ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí. Láago méjìlá géérégé, wàá rí gbogbo wa."

Lọ́jọ́ kejì ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, sí ṣọ́ọ̀bù Mojírọ́ládé, obìnrin kan tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ. Mojírọ́ládé gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní rákì kékeré, férémù irin tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, ló nílò, àti pánẹ́ẹ̀lì kan. Irin gbọọrọ ni pánẹ́ẹ̀lì yìí, ihò tò sójú rẹ̀. Wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan á wọ ẹ̀yìn ihò tirẹ̀, á jókòó síbẹ̀. Wáyà kékeré á wá gba iwájú so ó mọ́ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlọ́mọ́ra tán nìyẹn.

"Oníhò mẹ́jọ rèé, Bàbá. Oníhò mẹ́rìnlélógún rèé. Wáyà mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́fà."

"Ẹ mú ti mẹ́rìnlélógún."

"Mo ní mẹ́fà ni mo ní, ọmọ mi."

"Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń gbélé?"

"Ilé bàbá wa ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ilé bàbá yín kẹ̀! Ẹ mú ti mẹ́rìnlélógún."

Oyèníran na ìka sókè. "Ta ló ń ra bàtà sílẹ̀ de ẹsẹ̀ tí kò tíì hù? Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Wọ́n kọ́ mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, èje ni. Bí èje bá sì dé, mo ṣì ní ihò kan tó ṣẹ́ kù."

"Kò burú, Bàbá. N kò ní ta ti mẹ́rìnlélógún yìí kó tó di Sátidé."

Láti àárọ̀ Ọjọ́rú títí oòrùn fi wọ̀, Oyèníran ń ṣiṣẹ́. Ó gbé wáyà gba abẹ́ àjà. Ó kọ́ rákì sí pálọ̀, ó tẹ wáyà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ihò tirẹ̀. Ó gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lórí. Inú rẹ̀ dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mọ́kànlá.

Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn tó ṣe pánẹ́ẹ̀lì náà kọ nọ́ńbà sójú ihò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Àgbà, tí wọ́n jọ ń gbélé, ló kọ́kọ́ rí i. Ó wọ awò ojú.

"Oyèníran, ta ni nọ́ńbà kìn-ín-ní?"

"Pálọ̀ mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni ẹ̀kẹfà."

"Nínú èmi àti ìwọ, ta ló kọ́kọ́ dáyé?"

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà lásán ni. Kò já mọ́ nǹkan kan."

"Bí kò bá já mọ́ nǹkan kan, gbé mi sí èkínní."

Ẹ gbọ́ ná. Wáyà tí a ti tẹ̀ wọ ihò, bí a bá fẹ́ gbé e lọ síhò mìíràn, àfi ká gé orí rẹ̀ dànù, ká tún un tẹ̀. Gígùn ìka kan á bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, bí Bàbá Àgbà bá di èkínní, gbogbo àwọn yòókù ló máa sún. Oyèníran gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó tún wọn tẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ọlápéjú, ìyàwó Bàbá Àgbà, wọlé.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ihò méjì ṣófo."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwẹ̀ró, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ọdún méje ni mo fi ṣáájú rẹ̀ wọ ilé yìí. Yàrá ìránṣọ rẹ̀ ní ihò. Èmi kò ní."

"Kí lẹ fẹ́ so mọ́ ọn?"

"Rédíò mi."

"Rédíò yín kì í lo íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ṣé mo ní yóò lò ó ni? Mo ní kó ní tirẹ̀."

Èje dé nìyẹn. "Ó wà nínú ìṣirò mi," ni Oyèníran wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, èje ni." Ó fi Ìyá Ọlápéjú sí ìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó gé gbogbo ìyókù, ó tún wọn tẹ̀.

Kò tíì gbé irin ìtẹ̀wáyà sílẹ̀ tí Ìbílọlá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, fi sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ létí.

"Ta ló gbé ìyàwó ṣíwájú ọmọ ilé? Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé, èmi ni mo bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà!"

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà náà, Ìbílọlá."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù àbí kò tutù?"

Ìyá Ọlápéjú fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó tutù. Oyèníran gé wọn, ó tún wọn tẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti ká agboolé pé Oyèníran ń to ìdílé ní bí a ṣe bí wọn, àti pé ẹni tí kò bá ní ihò kì í ṣe ọmọ ilé. Àwọn ará ilé ẹ̀yìn dé. Àwọn ará apá òkè dé. Ọmọ bùrọ̀dá bàbá wọn kan dé pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fi ju Bàbá Àgbà lọ, ìyá òun ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e sí èkínní. Gbogbo ilé tún sún. Ihò kún. Èèyàn kò tán.

Wáyà ńkọ́? Wáyà ń kúrú. Kò lè gba abẹ́ àjà mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tààrà ló ń la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó le dandan bí okùn ìsáṣọ. Kò sí wáyà nílẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ibi ọrùn ló wà. Bàbá Àgbà jáde pẹ̀lú ife tíì, ó kọjá, fìlà rẹ̀ dúró lẹ́yìn.

Wọ́n pèpàdé. Ta ni yóò fi ihò sílẹ̀? Kálukú ń wo òkè. Ìyá Ọlápéjú wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sì ní ìkà nínú:

"Ti Àwẹ̀ró ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń lo yàrá ìránṣọ mọ́."

Oyèníran gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ yọ tèmi méjèèjì. Ẹ má fọwọ́ kan tirẹ̀."

Bàbá Àgbà wúkọ́. "Kò sí ẹni tí yóò yọ ìyàwó ilé yìí kúrò nílé yìí. Oyèníran, padà sí Òṣogbo."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Oyèníran kò tíì la ẹnu tí Mojírọ́ládé fi gbé pánẹ́ẹ̀lì ńlá sórí káńtà. Ó ti dì í sínú ọ̀rá.

"Wọ́n ti di mélòó, Bàbá?"

"Nígbà tí mo kúrò nílé, mọ́kàndínlógún. N kò mọ̀ bó ṣe wà báyìí."

Ó padà délé. Wáyà àtijọ́ kò lè dé pálọ̀ mọ́. Yàrá kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tí gbogbo wáyà lè dé láìfà á: yàrá ìránṣọ. Oyèníran kò tíì ṣí i láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, ó wọlé. Òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ó fi aṣọ bò ó, ó sì kọ́ rákì sókè rẹ̀.

Wọ́n tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà ẹni àkọ́kọ́. Bàbá Àgbà na ọ̀pá.

"Ihò kìn-ín-ní, ti bàbá wa tó kọ́lé ni. Ó ti kú, kò nílò wáyà. Ẹni tó bá dàgbà jù ú lọ, kó bọ́ síwájú."

Kò sí ẹni tó bọ́ síwájú. Oyèníran gbé wáyà padà sí abẹ́ àjà, ó tẹ̀ wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì gé ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Sátidé, èèyàn kún ilé. Àwọn arúgbó ń rìn lọ rìn bọ̀, ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ kọ́ nǹkan. Ní ago méjìlá, ojú Jọláadé yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, odindi, kò já.

"Bàbá mi! Mo rí gbogbo yín!"

Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n kọrin. Wọ́n sọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Jọláadé ní, "Ẹ dákun, mo gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Nọ́ńbà mélòó ni tèmi?"

"Ìkọkànlélógún."

"Ọmọ inú mi ńkọ́?"

Oyèníran yíjú, ó lọ wo ihò. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú.

"Oyèníran, kí ni wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà nílé ìwé yín?"

"Èje ni, ẹ̀gbọ́n."

"Lọ gba owó ilé ìwé rẹ padà!"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí òwe náà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ibòmíràn fún yín, ẹ bi í pé ihò mélòó ló ní. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Títí di òní, Oyèníran kò tíì kọ orúkọ sí ihò kejìlélógún. Kò tíì dá oníhò mẹ́jọ padà fún Mojírọ́ládé. Kò tíì yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́. Kò tíì wá ẹni tó ni aṣọ tí Àwẹ̀ró gé tí kò rán tán. Kò tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú fóònù. Kò tíì fún Ìbílọlá ní bàtà Àwẹ̀ró tó ń tọrọ. Kò tíì dáhùn lẹ́tà ìbánikẹ́dùn àwọn ará ìjọ. Kò tíì sùn sí àárín ibùsùn. Kò tíì kọ́ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹnì kan.