Bẹ́ẹ̀dì Kan Tí Omi Kò Gbé Lọ

Bí mo bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ìyàwó mi á rán mi létí. Ọjọ́ tí mo fi pupuru gba ọ̀gá sójà lálejò ní Òkìtìpupa kò nílò olùránnilétí, kò ní tán lọ́kàn mi láéláé.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ìjọba ni mí. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Ìlá, ẹ̀ka wa ní Òkìtìpupa sì ni wọ́n gbé mi lọ. N kò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í dúró bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, oníkálùkù á gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Igbótako tàbí Òde-Ayé. Èmi á lọ bá ògiri yàrá mi sọ̀rọ̀. Ìyá onílé mi, opó kan tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe pupuru tà, nìkan ló ń kí mi.

Lọ́dún tí omi ya wọ abúlé kan lọ́nà Òde-Ìrèlè, ìjọba ìpínlẹ̀ yá àgọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì kíká lọ́wọ́ àwọn sójà fún àwọn tí ilé wọn wó. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, inú sítọ́ọ̀ kan létí odò la sì kó wọn sí. Nítorí pé orí ẹní ni mo ń sùn, tí ẹ̀yìn ń dùn mí, mo gbé bẹ́ẹ̀dì kan lọ sí yàrá mi. Mo ní màá dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, ìjì ṣí òrùlé sítọ́ọ̀, omi tún dé, ó sì kó ohun gbogbo lọ.

Àwọn sójà kọ̀wé pé ẹrù àwọn dà. Wọ́n ní bí ó bá dá àwọn lójú pé àjálù ló kó o, àwọn á mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́rùn ìpínlẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpínlẹ̀ á rà á padà, ẹni tó fọwọ́ sí i á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fèsì pé omi gbé e lọ pátápátá. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ni mo jókòó sí tí mo kọ “pátápátá” ọ̀hún, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá.

Wọ́n rán ọ̀gá sójà kan wá, ọmọ Ẹ̀gbá. Ó wo ibi tí sítọ́ọ̀ wà, ó bi àwọn ará abúlé, gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa fáìlì dé.

Ó ní, “Ó parí. Ìpínlẹ̀ yín kò jẹ̀bi.”

Ó yẹ kí n ní ó dàbọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ yà kí ẹ fẹnu kan nǹkan nílé mi.” Ìyàlẹ́nu ni pé ó gbà.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré ṣáájú jíìpù. Àga kan ṣoṣo ni mo ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti kán, ni mo bá fi í jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá onílé gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Ọma mi, ulé wa rí àlejò lónìí. Bẹ́ẹ̀dì sójà tí o gbé ti sítọ́ọ̀ wá ti rí ẹni jókòó lé e.”

Ọ̀gá náà gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀. Nọ́ńbà àwọn sójà wà lára irin rẹ̀ gbàgàdà. Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú àwo.

Ọkùnrin náà rọra jẹun tán, ó fọ ọwọ́. “Bẹ́ẹ̀dì yìí wà níbí, o wá pè mí wá síbí. Kí ló ṣe ọ́?”

Irọ́ kò sí lẹ́nu mi mọ́. Mo ní, “Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ẹnì kan ti bá mi jẹun gbẹ̀yìn, sà.”

Ó mú bírò lápò. Lẹ́yìn náà ó ṣí fáìlì, ó fa igi lé “pátápátá,” ó kọ “àfi bẹ́ẹ̀dì kan” sí i. Ìpínlẹ̀ bọ́ nínú gbèsè. Iṣẹ́ mi náà kò bọ́ lọ́wọ́ mi, àfi ìwé ìbáwí tí mo gbà láti Àkúrẹ́. Orí ara mi ni mo fi ru bẹ́ẹ̀dì lọ sínú jíìpù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn wo abẹ́ ìdí ara rẹ̀ kó tó kọ “pátápátá.” Èkejì ni pé kí ó má jẹ́ kí àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ pa òun débi tí á fi fọwọ́ ara rẹ̀ pe adájọ́ wá sílé.

Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá onílé ń kó àwo méjèèjì. Ó bi mí pé, “Ọma mi, ìgbà wo ni àlejò rẹ tún ń bọ̀?”

Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló mú omi ọ̀hún wá.