Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ìyá Sukúrá Di Opó Lójú Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ hu ewú: ọjọ́ tí mo sọ ọkùnrin tó ń jẹ̀bà lọ́wọ́ di olóògbé. Ojúure lásán ni mo ń wá o.

Sukúrá ni mo fẹ́ fi ṣaya. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé n'Ísọlọ̀. Ìyá rẹ̀, oníṣòwò aṣọ, ti gbà fún mi, ṣùgbọ́n Alájì, bàbá rẹ̀, kò tíì ní kí n mú àwọn ẹbí mi wá. Nígbà tí Ìyá Sukúrá wá pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n bá òun forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù tí ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, eré ni mo sá débẹ̀. Ìwé mi ò pọ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ fi fóònù yangàn sí mi?

A dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá èèyàn wà nílé ọkọ. A kì í fọwọ́ ara ẹni kọ ìyẹn. Wọ́n ti to ìdáhùn síbẹ̀ lókè lódò. Bí o bá fìka tì í, á máa yí gbirigbiri bíi táyà, èyí tó bá dúró láàárín ni o mú. "Mi ò tíì lọ́kọ." "Mo lọ́kọ." "Ọkọ mi ti kú." Alájì ń wò mí láti ìdí abọ́ rẹ̀, ni mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ hàn. Mo ta á níka fìà, bí mo ṣe rí "Mo lọ́kọ" báyìí, mo ti tẹ "Ó parí". Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń yí lọ.

"Ó ti parí náà nìyẹn, ọmọ mi?"

"Kíá mọ́sá, mà!"

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ẹ sì mọ àwa: a kì í pe ọlọ́fọ̀ lórí fóònù ká máa bi í bóyá òótọ́ ni. Ilé là ń lọ. Mi ò tíì mu ohun tí wọ́n fi ṣe mí lálejò tán tí obìnrin mẹ́rin láti ẹgbẹ́ fi wọlé, akọ̀wé ló ṣíwájú, ojú wọn le koko. Alájì ti lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá Sukúrá, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ̀n? Ta ló kú?"

"Ó mà ṣe o," ni akọ̀wé ń sọ fún àwọn yòókù, "kò tíì yé e."

Ìyá bá káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún, ó rò pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Èmi aláìmọ̀kan náà ń ṣìpẹ̀: "Ẹ mọ́kàn le, mà!"

Ni Alájì bá wọlé, omi ń kán lápá rẹ̀. "Ta ló kú nínú ilé mi?"

"Yéè! Òkú ń rìn!" Àwọn mẹ́ta já síta. Akọ̀wé ò rọ́nà lọ, ó na fóònù síwájú bí ẹni tó ń fi lé àǹjọ̀nú: "Ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ rèé o!"

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń yí ni."

Alájì kọjú sí mi. "Mo gbọ́ pé o fẹ́ mú àwọn ẹbí ẹ wá tọrọ ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà tó o ti pa mí, ta ni wọ́n fẹ́ wá bá? Dìde, kọ́kọ́ jí mi ná."

Mo jí i lórí áàpù náà, gbogbo ilé rọ̀gbà yí mi ká. Mo dúró títí táyà ọ̀hún fi dákẹ́ pátápátá kí n tó tẹ ohunkóhun.

Nígbà tó yá, àwọn ẹbí mi lọ tọrọ ọmọ. Alájì gbà wọ́n tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún bàbá mi ni pé, "Ẹ jókòó, òkú ló ń gbà yín lálejò." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, àmọ́ ilẹ̀ ni mo ń wò. Ẹni tó bá ń kánjú fi iṣẹ́ han àna, kó ṣọ́ra kó má baà sìnkú àna.