Bí Mo Ṣe Sọ̀ Lórí Achaba Níwájú Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi láyé, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá Fúnkẹ́, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ní Mando. Nígbà náà, achaba, alùpùpù tó ń gbé èrò, ṣì pọ̀ ní Kaduna, kò sì sí èrò tó mọ̀ ọ́n gùn bíi tèmi ní gbogbo Kabala Costain. Apá òsì ni wọ́n ti ń gùn ún, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ̀, torí sàlẹ́ńsà gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde wà lápá ọ̀tún. Èmi kì í tilẹ̀ jẹ́ kó dúró tán kí n tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ má bú mi, èwe ló ń ṣe mí.

Fúnkẹ́ ti kìlọ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ ti lé ọkùnrin kan padà nítorí pé ó na ọwọ́ sí i, ó ní, “Sannu, Baba,” bí àwọn Hausa ṣe ń kíni. Bàbá ní àwa tí wọ́n bí sí Kaduna kò mọ ìkíni, òun kò sì ní fọmọ fún ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀. Ni mo bá fi odidi ọ̀sẹ̀ kan dọ̀bálẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì mi.

Lọ́jọ́ náà, mo gbé agbádá wọ̀, mo jókòó sẹ́yìn achaba. Bí a ṣe ń súnmọ́ ilé wọn ni mo rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Hà! Ta ní ń jókòó wo àna rẹ̀ báyẹn? Apá ọ̀tún ni Bàbá wà, èmi náà bá gba ọ̀tún bọ́ sílẹ̀.

“Malam, jira mana!” Ọlọ́kadà ń bẹ̀ mí pé kí n dúró.

Sàlẹ́ńsà jó mi lẹ́sẹ̀. Mo fò, àṣé agbádá ti há sí irin ẹ̀yìn achaba. Aṣọ ya fàà, mo sì nà gbalaja síwájú Bàbá, àyà, ikùn, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà!” Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó kígbe “Yéè!”

Ẹ̀rù bà mí gidigidi pé Fúnkẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀, ó di apá mi mú.

“Ṣé o ò ṣèṣe?”

“Rárá, sà. Mo ń kí yín ni, sà.”

Ẹ̀rín pa á. “Irọ́ ni. Ṣíṣubú lo ṣubú, ojú mi ló ṣe. Àmọ́ ẹni tó ń ṣubú tó ṣì rántí kí àgbà, wọ́n kọ́ ọ nílé. Dìde, wọlé wá jẹun.”

Mo fi ẹsẹ̀ tó ń ta mí wọlé, orí mi ń wú. Lónìí, bí ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Kaduna bá fẹ́ lọ kí àna, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń rán an wá kọ́ ìdọ̀bálẹ̀. Mo ń kọ́ wọn dáadáa. Tí mo bá wá rántí tèmi, ẹ̀rín á pa mí, màá sọ fún wọn pé kí wọ́n kúkú fi ẹsẹ̀ rìn lọ.