Ìràwọ̀ Jagunjagun tí Mùstàfá Gbà láti Íńdíà

Ohun méjì ni Mùstàfá Àríyọ̀ kò lè gbé mì: òkúta inú gààrí, àti ìrẹ́jẹ. Tó bá jẹ́ òkúta ni, yóò tu ú dànù, yóò sì máa jẹun rẹ̀ lọ. Ìrẹ́jẹ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tu dànù. Láti ọjọ́ tó ti gba dìgírì dé sí Ṣakí lọ́dún 1980, ta ni kò tíì bá jà? Ó bá oníbúrẹ́dì jà pé búrẹ́dì òní kò gùn tó ti àná. Ó bá onígbàjámọ̀ jà pé orí olówó ló máa ń fá dán ju ti mẹ̀kúnnù lọ. Ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí ìwé ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ará ìlú. Ẹyọ kan ni wọ́n tẹ̀ jáde, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi sí ìdí rẹ̀.

Nínú gbogbo ìjà wọ̀nyí, kò tíì borí nínú ẹyọ kan rí. Ohun tó ń dùn ún nìyẹn. Ó kàwé, ohùn rẹ̀ ròkè, òtítọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá kù?

Ẹ̀yìn ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà fún un ló ti rí ìdáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Íńdíà tó lè wo ìràwọ̀ ọjọ́ ìbí ẹni, kí ó sì kọ àyànmọ́ onítọ̀hún ránṣẹ́ sí i. Mùstàfá, tó ti fi ọdún mẹ́rin gbáko kọ́ nípa bí àwọn ẹlẹ́tàn ṣe ń tan aráyé jẹ, fara balẹ̀ gé fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú abẹ. Ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí iléèwé rẹ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, ọdún 1954, ó sì fi í ránṣẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àpòòwé ńlá kan dé. Àwòrán róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjìlá, àfi bí ìgbà tí wọ́n gé àkàrà òyìnbó fún ọmọ méjìlá. Lẹ́tà gígùn kan tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ẹ wá gbọ́ o!"

Àwáwù, ìyá rẹ̀, ń pa ẹ̀pà lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mò ń gbọ́ ọ níbi tí mo wà."

"Abẹ́ ìràwọ̀ Àgbò ni wọ́n bí mi."

"Àgbò wo? Èyí tí à ń pa ní Iléyá?"

"Àgbò ojú ọ̀run ni, ìyá! Pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ló ń ṣàkóso rẹ̀. Pupa ni Máàsì, oòrùn ló ń yí po. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní òun ni òrìṣà ogun. Òun ló bí àwọn ìbejì tó tẹ ìlú Róòmù dó, ìkookò ló sì fún àwọn ọmọ náà lọ́mú."

Àwáwù dáwọ́ ẹ̀pà dúró. "Ìkookò? Gbogbo ìyálọ́mọ àdúgbò ńkọ́?"

Mùstàfá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà náà sókè: "'Irin ni agbára rẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò tipasẹ̀ rẹ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bí o bá ti dún, wọn yóò yà fún ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n má ṣe dá dúró: láìsí alátìlẹ́yìn, ìṣubú ni.' Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ajìjàgbara paraku! Èmi gẹ́lẹ́ ni!"

"Mo gbọ́. Àmọ́ mi ò bí ọ nínú oṣù kẹta. Iyán iṣu tuntun la fi ṣe ìsọmọlórúkọ rẹ, òjò sì pa gbogbo àlejò. Iṣu tuntun wo ló wà nínú oṣù kẹta?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyá."

"Ìwé náà wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń rọbí?"

Ṣùgbọ́n Mùstàfá ti di jagunjagun, jagunjagun kò sì ráyè ọ̀rọ̀ iṣu.

Kò pẹ́ tí ogun fi dé lóòótọ́. Ládòkun, agbaṣẹ́ṣe kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ Mùstàfá ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dìde lọ́jọ́ kan pé òun ló ni gbogbo ilẹ̀ oko tó wà lọ́nà Òfìkì. Ogójì àgbẹ̀ ló ń gbin iṣu àti ọkà bàbà síbẹ̀. Oko ẹ̀pà Àwáwù náà wà níbẹ̀. Ládòkun ní kí wọ́n kó kúrò, òun fẹ́ sin adìẹ. Bí ilẹ̀ náà bá bọ́ sí i lọ́wọ́, Àwáwù kò ní oko mìíràn láyé.

Ìjọba ní òṣìṣẹ́ ilẹ̀ kan yóò ti Ìbàdàn wá gbọ́ ẹjọ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ kí Bàbá Àjàmú gbẹnu sọ fún wọn. Hẹdimáàsítà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Àjàmú, òun náà sì ní ebè iṣu díẹ̀ lọ́nà Òfìkì. Mùstàfá béèrè pé ọjọ́ wo ni ẹjọ́.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni wọ́n wí.

Mùstàfá fò sókè. "Ọjọ́ tí àwọn ará Róòmù fún Máàsì gan-an nìyẹn! Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Bàbá Àjàmú wò ó títí. "Ó dáa, ọmọ mi. Sọ̀rọ̀ o. Má pariwo."

Lẹ́tà Íńdíà ní pupa ni àwọ̀ Máàsì. Nítorí náà, Abíọ́nà télọ̀ rán fìlà pupa, dàńṣíkí pupa àti ṣòkòtò pupa fún jagunjagun wa. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, bó ṣe ń kọjá lójúde ìyá àgbà kan tó jẹ́ oníṣàngó, ìyá yìí kúnlẹ̀ gbì.

"Kábíyèsí o! Ẹ bá mi súre fún ọmọ-ọmọ mi."

"Ìyá, ẹ dìde. Èmi kì í ṣe ti Ṣàngó. Máàsì ni."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìlú wo ni wọ́n ti ń bọ ìyẹn?"

Ó ṣáà súre fún ọmọ náà. Kí ni ì bá ṣe? Nígbà tó fi máa rìn dé gbọ̀ngàn ìlú, oòrùn ti mú, òógùn ti bò ó, aró pupa aṣọ Abíọ́nà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ ní ọrùn àti apá rẹ̀.

"Yéè!" ni obìnrin kan ké. "Ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dé!"

Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ sí imú, ó ka ìwé tí Ládòkun fi búra ní kóòtù: "'Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, ọdún 1954, ni wọ́n bí mi. Ní ọjọ́ náà gan-an ni bàbá mi lọ sí ilẹ̀ ọ̀nà Òfìkì, ó gbin máńgòrò sí i, ó sì ní ti ọmọ òun tuntun ni.'"

"Irọ́!" Mùstàfá ti fò dìde.

Inú àwọn àgbẹ̀ dùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀!

"Ẹ ò rí ìrẹ́jẹ! Kò jí ilẹ̀ nìkan, ó tún jí ọjọ́ ìbí mi!"

"Ọjọ́ ìbí ta?" ni òṣìṣẹ́ náà béèrè.

"Tèmi! Èmi ni wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ni Máàsì!" Ó fa àwòrán róbótó náà yọ lápò, aró ti pa á láró. "Ẹ wo ojú Ládòkun. Ṣé ojú jagunjagun nìyẹn?"

"Mùstàfá, orí rẹ ò pé," ni Ládòkun wí. "Ọjọ́ ìbí mi ni, mo ti fi búra."

"Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ o, Mùstàfá!" ni àwọn àgbẹ̀ ń ké lẹ́yìn. "Ilẹ̀! Ilẹ̀ là ń sọ!"

Abíọ́nà télọ̀ na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ ìbí tèmi náà nìyẹn."

"Tèmi náà ni," ni Ràsáàkì alápatà wí.

Awakọ̀ Ládòkun, tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, gbóhùn sókè díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Tèmi náà ni."

Kí a tó wí, ènìyàn méje ti dìde. Mùstàfá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jagunjagun méje nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo! Ràsáàkì, tí gbogbo Ṣakí mọ̀ pé ó máa ń sá fún àkùkọ ìyàwó rẹ̀, òun náà ni ọmọ Máàsì?

Bàbá Àjàmú ló dìde gbẹ̀yìn. Ẹ̀rín ti pa á débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Lọ́dún 1960, wọ́n kó ọmọ mẹ́tàlélógún wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò sí òbí kan tó mọ ọjọ́ tó bímọ. Mo ní kí wọ́n na ọwọ́ gba orí kọjá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí kejì, mo gbà pé ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wá ń béèrè ọjọ́ àti oṣù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo há sórí nínú ọdún 1954. Òun ni mo kọ fún gbogbo wọn."

"Ọjọ́ kí ni?" ni Mùstàfá béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́.

"Ọjọ́ tí mo ra kẹ̀kẹ́ mi."

Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ládòkun. "Bàbá yín gbin máńgòrò lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

Ládòkun bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù lórí ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ búra ní kóòtù." Ó ká ìwé náà, ó jù ú sínú fáìlì. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kúrò lórí ilẹ̀ wọn."

Gbọ̀ngàn hó yèè! Mùstàfá na apá méjèèjì kí wọ́n lè rí ibi gbé e sókè. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ta ni yóò fi aṣọ funfun gbé aró? Níta ni wọ́n dà sí, níbi tí kẹ̀kẹ́ Bàbá Àjàmú fara ti igi. Pupa ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Wọ́n ń kí i bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé.

Bàbá Àjàmú gba lẹ́tà Íńdíà lọ́wọ́ Mùstàfá, ó kà á sókè. "'Irin ni agbára rẹ.'" Ó fọwọ́ gbá ara kẹ̀kẹ́: gbọin. "'Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò tipasẹ̀ rẹ dé ibi tí wọ́n ń lọ.' Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi gbé Ìyá Mùstàfá lọ sí ọsibítù nígbà tí ejò bù ú jẹ. 'Bí o bá ti dún, wọn yóò yà fún ọ lọ́nà.'" Ó tẹ agogo, ewúrẹ́ mẹ́ta sá. "'Má ṣe dá dúró.'" Ó yọ ọwọ́ kúrò, kẹ̀kẹ́ sì wó lulẹ̀ gbàràgàdà.

"Háà! Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí mọṣẹ́ o!" ni Bàbá wí. "Láti Íńdíà lọ́hùn-ún!"

Ìjà kan ṣoṣo tí Mùstàfá borí láyé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló jà á. Nígbà tí wọ́n gbé e nílẹ̀, taya ẹ̀yìn ti jò. Bàbá Àjàmú ní kò séwu, Mùstàfá yóò bá òun tì í délé. Mùstàfá gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, pupa ń ti pupa, ó kọrí sí ọ̀nà ilé.

"Mùstàfá!" ni ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn àgbẹ̀.

"Ìyá?"

"Rọra máa tì í o. Jagunjagun ni!"